Àwo Oògùn Àlàájì Jùbrílù

Obì ni àwọn ẹlòmíràn ní Ẹ̀rúnmú fi ń ṣe àlejò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Àlàájì Jùbrílù fi ń ṣe é. Mahfuz, ọmọ wọn, ló ń fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àlejò kò ní tíì jókòó tán tí wọn yóò ti gbé àwo kalẹ̀, tí wọn yóò máa fi ìka tí obì ti pa láró rọra to kóró oògùn náà, kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ òyìnbó.

Mùsílímátù, ìyàwó wọn, ní ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, ó sì ti ní ikọ́ fée láti kékeré. Ọdún kejì rèé tí oògùn tí Nọ́ọ̀sì Adétutù ń fún un ní ọsibítù ìjọba ti bá a lára mu. Ṣùgbọ́n páálí oògùn ìjọba ń rí Àlàájì lára. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá, wọ́n sì ní kí ìyàwó gbé kóró Lọ́ńdọ̀nù méjì mì.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, àyà rẹ̀ ti ń súfèé. Èémí ń wọlé, kò rọ́nà jáde. Ọ̀kadà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, Adétutù jókòó tì í. "Ìyá Mahfuz, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹyọ kan. Tiyín ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í dí ọ̀nà èémí. Ti Àlàájì ń dẹ ìlù ọkàn, ṣùgbọ́n ó ń fún ọ̀nà èémí oníkọ́ fée pa. Ó lè pa yín."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn àlejò dé. Àlàájì ń ròyìn, omi obì pupa ń ṣàn sí wọn nírùngbọ̀n: ara ará oko ni kò mọ nǹkan ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni oògùn Lọ́ńdọ̀nù ṣe? Wọ́n mú kóró kan, wọ́n fi eyín gé e sí méjì bí ẹni pín obì, wọ́n na ààbọ̀ rẹ̀, tó ń yọ̀ fún itọ́, sí ìyàwó.

"Gbé e mì, kí wọ́n rí i pé ara rẹ ti mọ̀ ọ́n."

Mùsílímátù tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ọ̀kan jáde nínú kóró ìjọba tuntun tí nọ́ọ̀sì fún un, ó gbé e mì láìmu omi. Ó fi ìka méjì mú ààbọ̀ yẹn, ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ.

"Ẹ jẹ ẹ́, Àlàájì. Èmi fẹ́ máa mí."

Bàbá Àyàntúnjí, àgbà nínú àwọn àlejò, rọra ti àwo jìnnà sí ara wọn, wọ́n sì béèrè bóyá obì lásán wà nílé.