Ọwọ́ Tí Kò Kan Dùùrù

“Ẹ fara balẹ̀, ìyá wa. Kò dìgbà tí ọwọ́ ọmọ bá kan dùùrù kó tó di olórin.”

Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ yìí ń fi aṣọ pélébé kan nu bọ́tà kúrò ní ìka rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Orin ló ń pe ara rẹ̀. Yunifásítì tó fún un lóyè náà, òun nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tètè kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kó lè wá mú ọmọ rẹ̀ nílé olùkọ́, ohun tó sì bá nínú yàrá yìí kò ṣe é gbé mì. Tíntín, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sídìí dùùrù oníná, ó dijú, ó ń mi orí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń fò lókè dùùrù láìkàn án. Ẹ̀rọ náà ló ń dá orin kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn, ó ń fi fóònù ya fídíò.

“Láti ìgbà tí a ti mú un wá, kí lẹ kọ́ ọ?”

“Mo kọ́ ọ ní ìrísí. Ìrínisí ni ìsọni lọ́jọ̀, ìyá wa. Ẹ wo bó ṣe ń mi orí! Ọmọ ẹlòmíì á pẹ́ gan-an kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n mì báyìí.”

“Ẹ̀yin náà ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín àánú. “Ṣé ẹ máa ń ní kí dókítà kọ́kọ́ ṣàìsàn kẹ́ ẹ tó gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọkọ Nọ́ọ̀sì náà nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá olùkọ́ débẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Fídíò àwọn ọmọ mìíràn tó ń mi orí bí igi àgbọn nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà á. Nọ́ọ̀sì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́ láìbi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, kò bi eléyìí ní nǹkan kan. Èyí gan-an ló korò jù lẹ́nu rẹ̀.

Ó wo dùùrù náà. Eruku bo gbogbo ojú rẹ̀, ẹ̀rún búrẹ́dì há sáàárín rẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń ní kí ẹ̀rọ dá kọrin nìkan ló ń dán fún bọ́tà.

“Tíntín, gbé báàgì rẹ.”

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ wà níwájú dígí, ó ń wọn táì tuntun wò. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀ láìyíjú.

“Mo mọ̀,” ló wí.

“Ẹ mọ̀ kẹ̀?”

“Èmi ni mo ní kó fi ọ̀nà yẹn kọ́ ọ kó lè yá. Ọ̀gá wa ń fẹ̀yìn tì ní Sátidé, gbogbo ibi iṣẹ́ ni mo sì ti sọ fún pé ọmọ mi ló máa tẹ dùùrù níbi ayẹyẹ rẹ̀. Orin á dùn, ọmọ á rẹwà, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọwọ́ rẹ̀?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ọmọ yìí wí lánàá pé ó purọ́ pé òun ti fọ eyín?”

“Ìyẹn, irọ́ ni. Èyí, ètò ni.” Ó tún táì rẹ̀ fà.

Nọ́ọ̀sì ti fọ egbò tó ń rà, kò sì yíjú. Táì yìí ni kò lè wò. Ó jáde síbi tábìlì oúnjẹ. Tíntín jókòó níbẹ̀, ó dijú, ọwọ́ rẹ̀ ń fò lókè pákó lásán.

“Màmá, ẹ wò ó! Mo ti mọ ibi tí mo ti máa rẹ́rìn-ín.”

“Kí lò ń tẹ̀?”

“N ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo máa bà á jẹ́.”

Kí ó tó mọ ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìka kan ni ọmọ yìí máa ń fi wá orin kiri lórí dùùrù ìṣeré rẹ̀. Bó bá ṣì í, á bínú, á tún un tẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ kékeré tó ń bẹ̀rù pákó. Ó fa fóònù yọ.

“Ta lò ń pè?” Ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Ìyàwó ọ̀gá yín.”

“Jọ̀ọ́, ìyá Tíntín! Sọ pé ara rẹ̀ ò yá! Sọ pé ibà ló ń ṣe é!”

Ẹni tó pè ti gbé e. Nọ́ọ̀sì yí ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí ọmọ.

“Ẹ káalẹ́ mà. Ìyá Tíntín ni. Ọmọ wa ò ní lè tẹ dùùrù lọ́jọ́ Sátidé... Rárá mà, ara rẹ̀ le. Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni. A ṣì ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ.”