Ó Bá A Mu Ní Ìwọ̀n

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà àbúrò mi jó láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń rán aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́. Ó ké pè mí láti yàrá rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí n parí apá kan. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ọpọlọ ọ̀hún, tí wọ́n ń pè ní purosẹ́sọ̀, wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò ju bọ́tìnnì kóòtù ńlá lọ, àfi pé ó ní igun mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eléyìí ti kú."

"Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?"

"Wọn kì í tún un ṣe. Òmíràn ni wọ́n máa ń rà."

Bíríkìlà ni àbúrò mi. Ó já bọ́ láti orí igi tí wọ́n tò sára ilé alájà kan, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò ti gbé e mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń po símẹ́ńtì wá kí i, wọ́n tún wá, nígbà tó yá wọn ò wá mọ́. Mi ò bá wọn jà. Kí ni wọ́n fẹ́ máa bá a sọ? Àwọn tó kù fún un ni àwọn mẹ́rin kan tí kò fojú rí rí, tí wọ́n jọ ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Asárétete ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí òun ló máa ń sáré wọ ibi tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù. Wọn ò mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sọ fún wọn, èmi náà ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó sọ.

Ìdíje ń bọ̀ ní Sátidé. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Balógun, pè é lórí fóònù.

"Asárétete, tó ò bá wọlé ní Sátidé, a máa mú ẹlòmíì o. Kì í ṣe ìjà. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n ní ká jẹ́."

Àbúrò mi ní kò burú, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Òun náà ló rín fún àwọn nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un.

Òkè ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n ti ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà, àtẹ̀gùn nìkan ló sì débẹ̀. Èmi ni màá lọ. Ó fi ọ̀rá wé purosẹ́sọ̀ náà fún mi. "Irú èyí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí ẹ̀."

Èmi kì í gba nọ́ńbà gbọ́. Wọ́n á kọ "ńlá" sára aṣọ, tí èèyàn bá wọ̀ ọ́, á há mọ́ ọn lọ́rùn. Téèpù tí mo fi ń wọnṣọ ni mo gbà gbọ́. Mo wọn purosẹ́sọ̀ náà, mo gé bébà sí ìwọ̀n rẹ̀, mo sì gé ibi tó jẹ wọnú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí mo ṣe máa ń gé pátánì ọrùn aṣọ.

Ọkùnrin tó ń tà á, Oníṣẹ́-abẹ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí kọ̀ǹpútà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í la inú ẹ̀. Ó gbé dígí ojú rẹ̀ síwájú orí.

"Màmá, ẹ káàbọ̀."

"Ìgbà wo ni mo bí ẹ?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Kí lẹ ń wá?"

Mo tú ọ̀rá sílẹ̀. Ó wò ó, ó mi orí. "Èyí ti tán lọ́wọ́ mi. Àmọ́ àbúrò ẹ̀ wà níbí, ó lágbára jù ú lọ."

"Àbúrò tó lágbára ju ẹ̀gbọ́n lọ?"

"Ó wọ́pọ̀, àǹtí. Irú bọ́ọ̀dù wo lẹ ní?"

Bọ́ọ̀dù ni pákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà jókòó lé. Mo ti rí i dáadáa. "Aláwọ̀ ewé ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí dígí fi já bọ́ sí imú rẹ̀. "Ó dà bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ọkọ tẹ́ ẹ ń wá, ó ní imú. Ẹ pe ẹni tó ni ín."

Mo pè é, kò gbé e. Oògùn ìrora máa ń mú un sùn lọ́sàn-án. Oníṣẹ́-abẹ ní kí n padà wá lọ́la. Aṣọ ilé ìwé wà nílẹ̀ fún ọ̀la. Mo yọ pátánì mi jáde, mo tẹ́ ẹ lé èyí tó gbé fún mi. Ẹ̀gbẹ́ bá ẹ̀gbẹ́ mu, ibi tó jẹ wọnú bá ibi tó jẹ wọnú mu. Mo kẹ̀yìn purosẹ́sọ̀ méjèèjì síra wọn, irun kan ò lè gba àárín wọn kọjá.

"Ó bá a mu," mo ní.

"Ìwọ̀n nìkan kọ́, àǹtí."

"Èmi ni mo ń ránṣọ, ìwọ kọ́."

Ó gbé èjìká. "Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ." Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Nígbà tí àbúrò mi jí, ó ka nọ́ńbà ara purosẹ́sọ̀ náà. "Kì í ṣe irú ẹ̀ nìyí."

"Ó bá a mu ní ìwọ̀n."

Ó gbé e sí àyè rẹ̀, purosẹ́sọ̀ náà jókòó pẹ́kẹ́. Inú mi dùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, fáànù yí, iná tàn, àmọ́ ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó tú u, ó tún un tò. Ojú ṣì ṣú. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá tiẹ̀ pariwo.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé bọ́ọ̀dù náà àti purosẹ́sọ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn. Oníṣẹ́-abẹ gbé purosẹ́sọ̀ mi sórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó tàn kíá.

"Ó dáa, àǹtí. Bọ́ọ̀dù yín náà dáa. Wọn ò kàn mọra wọn ni. Nígbà tí wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù yìí, wọn ò tíì bí purosẹ́sọ̀ yìí."

"Gbà á padà nígbà náà."

"Ohun tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, kò sí ẹni tó ń gbà á níbí. Àmọ́ ẹ fi bọ́ọ̀dù yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú tèmi lọ. Pàṣípààrọ̀. Mi ò ní gba nǹkan kan."

Mo wá ibi tí jìbìtì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò rí i. Mo pe àbúrò mi. "Ẹ gbà á!" ló ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á kíá!"

Ọwọ́ rẹ̀ ń yá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń sú fèrè bó ṣe ń to nǹkan. Ráàmù ló kẹ́yìn, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Àlàfo kan wà létí rẹ̀ tó yẹ kí eyín tó yọ lára bọ́ọ̀dù wọ̀ sí. Àlàfo yẹn ò sí níbi tí eyín wà. Ó yí i padà, kò wọlé. Fèrè dákẹ́. Mo nawọ́ mú téèpù mi.

"Ẹ fi téèpù yẹn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ráàmù ayé àtijọ́ ni. Mo gbàgbé."

Bọ́ọ̀dù wa àtijọ́ tó mọ ráàmù yẹn ti wà lọ́dọ̀ Oníṣẹ́-abẹ.

Mo lọ ní Sátidé láàárọ̀. Ilẹ̀kùn irin wà ní títì. Ọlọ́dẹ ń jẹ ẹ̀pà lórí àga.

"Wọn kì í ṣí ní Sátidé. Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé."

"Òní ni ìdíje wọn."

"Ìdíje kí ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? "Géèmù," mo ní.

"Háà! Màmá, ẹ̀yin náà ń ta géèmù?" Ó na ẹ̀pà sí mi. Mi ò gbà á.

Nígbà tí àkókò tó, àbúrò mi pe Balógun, ó tẹ fóònù kí ohùn wọn lè jáde síta. Wọ́n kí i. Wọ́n ní ẹni tuntun ti wà níbẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìbọn ń dún, wọ́n ń pe ara wọn.

"Ibo lẹ wà?" àbúrò mi ní. "Ẹ má gba ọ̀nà ọ̀tún o, ẹnì kan máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn afárá yẹn."

Ìbọn ń dún lọ.

"Balógun, ẹ̀yìn afárá!"

"Asárétete, jọ̀ọ́, dákẹ́ ná. A ò gbọ́ ara wa."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé fóònù náà fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí mi kọjú sí ògiri."

Mo yí i. Mo to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ọsibítù, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣì ń pariwo nínú fóònù.

"Ṣé wọ́n ń borí?" ó bi mí, ojú rẹ̀ ṣì kọ sí ògiri.

Mo gbé fóònù sétí. Gbogbo wọn ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ẹnì kan kú, bóyá ẹnì kan pa ẹni tí wọ́n ń wá. Igbe kan náà ni lójú tèmi. Mo tẹ́tí sí i gan-an.

"Mi ò mọ̀," mo ní.