Fírídọ́ọ̀mù Akosua

Ọwọ́ ọ̀tún Dinah ló kọ́kọ́ kọṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ní àdúgbò Sawaba ní Kumasi, títí tó fi di ọ̀gá aránṣọ tí gbogbo àdúgbò Dichemso mọ̀, àlùmọ́gàjí kò kúrò lọ́wọ́ náà. Kábà ìsìnkú, kábà ìkómọ, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, kò sí èyí tí kò gé rí. Nísinsìnyí, oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú, bó bá sì ki ìka bọ àlùmọ́gàjí, omi á lé ròrò sójú rẹ̀.

Akosua, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Òun ló ń gé gbogbo aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnì, Dinah á wá gbé e jáde fún oníbàárà bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Ọmọ náà ti yẹ lẹ́ni tó ń gba fírídọ́ọ̀mù tipẹ́, Dinah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo àwọn tó ti tú sílẹ̀ ṣáájú, ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀ sí, wọ́n á sì rọra máa fa oníbàárà rẹ̀ lọ. Òbúrónì wáwù, aṣọ àlòkù ìlú òyìnbó tó kún gbogbo Kumasi, kó èyí tó kù. Bí Akosua náà bá lọ, kí ni yóò máa jẹ? Ló bá ń fònídónìí, ó ń fọ̀ladọ́la. Lónìí, kọ́là ni ọmọ kò mọ̀. Lọ́la, ọwọ́ aṣọ ni. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù ebi gan-an kì í fàyè sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yaa, ìyá Akosua, gbé ìgò ṣínáàpù kan wá, bí òbí ṣe máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ tọrọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá.

“Madam, me pa wo kyɛw,” ló wí, “mo bẹ̀ yín, kí ló kù tí ọmọ yìí kò tíì mọ̀?”

Dinah bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Yaa bá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Akosua, ìwọ gan-an sọ ọ́. Kí ló kù?”

Kábà tí Akosua ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán wà lórí itan rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì wolẹ̀.

“Maame, gígé ni. Mi ò tíì mọ aṣọ gé. Madam ló ṣì ń gé e fún mi.”

Yaa mí kanlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ìgò rẹ̀. Ìtìjú mú Dinah débi pé ó gbàgbé ìrora ọwọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ń ba ara rẹ̀ jẹ́ lójú ìyá tó bí i, kí òun lè rí jẹ.

“Ẹ fi ṣínáàpù yẹn sílẹ̀, Akosua maame,” ló wí. “Irọ́ ló pa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wá mú un.”

Lọ́jọ́ náà, wọ́n da àtíkè sí Akosua lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó gba fírídọ́ọ̀mù, wọ́n kọrin. Dinah gbàdúrà fún un, ó fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Nígbà tó délé, ó sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé kò tíì mọ́ tán tí Bertha, àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, fi gbé aṣọ tuntun dé.

“Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ìdúpẹ́ mi rèé. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ o, mi ò fẹ́ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́.”

Dinah tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó fọwọ́ pa á. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí àlùmọ́gàjí gbà. Ó rọra ká a padà.

“Bertha, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ lo ti ń wọ̀ tipẹ́. Gbogbo kábà tí o fi ń yan ní ṣọ́ọ̀ṣì, Akosua ló gé e. Ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ashanti New Town báyìí. Gbé e lọ bá a.”

Bertha gba aṣọ rẹ̀. “Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?”

“Èmi? Ó ti rẹ̀ mí, Bertha. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí.”