Apá Ìlà-Oòrùn Ilé Àwọn Ẹ̀ga

Ní ìlú àwa ẹ̀ga, lórí ọ̀pẹ etí odò tí wọ́n bí mi sí, oníkálukú kò ní ilé tirẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń hun. Ẹyẹ kan á ta koríko ní kókó, á fi so iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti ẹnìkejì, ẹnìkẹta á tún so tirẹ̀ mọ́ ọn, títí ilé fi bo orí igi. Ìdí nìyẹn tí òfin fi le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yé ẹyin sórí kókó tí ẹyẹ mìíràn kò tíì fi ẹnu fà wò.

Ìyá Àwẹ̀ró ni olórí àwọn tó ń fa kókó wò. Bí kókó bá yọ, yóò tú iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ ti ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Atúlé.

Lọ́dún kan, abiyamọ pọ̀, yàrá kò tó. Láṣebìkan, àna ọba, hun odindi apá ìlà-oòrùn lọ́jọ́ mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á wò. Ibẹ̀ ni wọ́n pín yàrá sí fún Àńkẹ́, ọmọ Àwẹ̀ró, tí ẹyin ti wúwo nínú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ pé.

“Kábíyèsí,” ni Àwẹ̀ró wí, “mo yọ́ fa kókó mẹ́wàá níbẹ̀, mẹ́rin ló tú sí mi lẹ́nu. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà kí n tún un hun.”

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín. “Ìyá Atúlé! Kí àwọn abiyamọ wá máa yé sójú afẹ́fẹ́? Ẹnu ló ń yún yín, ẹ wá nǹkan mìíràn fà.”

Gbogbo orí ọ̀pẹ bú sẹ́rìn-ín.

“Kábíyèsí, ọmọ mi ló fẹ́ yé síbẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ nǹkan!” ni ọba wí. “Ọ̀rọ̀ ara rẹ lo wá ń sọ. Òfin wa ò yí padà o. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan yára níṣẹ́, a sì nílò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa tirẹ̀ wò.”

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n tú yàrá opó kan nítorí kókó kan ṣoṣo tó yọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìgbìmọ̀ náà, ìjì dé. Apá ìlà-oòrùn já sódò, ó sì fa yàrá àwọn tí kókó wọn le dání lọ. Ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Àńkẹ́ yé síbẹ̀ bá omi lọ.

Ìgbìmọ̀ tún pé. Ọba ní, “Ó hàn pé òfin wa kò le tó. Láti òní lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó máa fa kókó kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró ti dàgbà, kó lọ sinmi. Láṣebìkan ti rí bí ilé ṣe ń já. Òun ni yóò gba ipò rẹ̀.”

Yàrá Àwẹ̀ró ni Láṣebìkan kọ́kọ́ yà sí, níbi tí Àńkẹ́ forí pamọ́ sí. Ó yẹ yàrá náà wò lọ, yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀.

“Koríko kan yọrí síta,” ló wí, ó sì tú u palẹ̀.

Gbogbo ìgbìmọ̀ lu ìyẹ́ fún un. Mo wà láàárín wọn. Mo lu tèmi.