Ẹni Tí Ìyàwó Kì í Pè Lórúkọ

Morónfólú gbà pé kò sí orúkọ tí kọ̀ǹpútà òun kò lè wá rí. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Accra ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ orúkọ oníbàárà kan ní oríṣi mẹ́ta, òun ló máa mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni. Nígbà tí Ìyá Mutala, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan ní àdúgbò Lagos Town ní Accra, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá àbúrò ọkọ òun, ẹ̀rín ló rín.

"Mama, ẹ ṣáà ti sọ orúkọ rẹ̀."

"Ajíṣafẹ́," ni ìyá wí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì máa lọ, ọmọdé ṣì ni Ajíṣafẹ́. Ó bá àwọn ará Ìnìṣà wọ ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Nàìjíríà. Ìyá Mutala àti ọkọ rẹ̀ dúró ní àdúgbò wọn, Kotobabi ní Accra, torí oyún rẹ̀ ti tó bí, aládùúgbò kan sì fi wọ́n pamọ́. Bí ọkọ̀ ti ń ṣí, ọmọ náà rántí oúnjẹ àgbàdo rẹ̀, ó yọrí, ó kígbe pé, "Ìyàwó, bá mi gbé kẹ́ńkè mi pamọ́ o!" Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ ń kú lọ, ohun kan ṣoṣo ló fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́: kó wá àbúrò òun rí. Ìyá ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, dókítà sì ti ń bá Mutala sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe Morónfólú gan-an.

Ẹgbẹ́ àwọn tó padà láti Gánà ti kó orúkọ àwọn èèyàn wọn jọ sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kálukú kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Morónfólú gbé ìlànà méjì kalẹ̀ kó lè mọ èyí tó mọ èèyàn jù. Èyí àkọ́kọ́ ń ka iye lẹ́tà tí èèyàn máa yí padà kí orúkọ kan tó di èkejì. Bí ẹnì kan bá kọ Gbàdàmọ́sí, tí ẹlòmíì kọ Badamosi, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, kíá ló máa mọ̀ wọ́n lọ́mọ ìyá. Ìró ni èkejì ń gbọ́, ṣùgbọ́n etí òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ló máa ń dì mú bí ẹni di okùn ewúrẹ́ mú: ó ní G ni ti ẹni yìí, B ni ti ẹni yẹn, wọn ò tan.

Wọ́n wá Ajíṣafẹ́. Ìlànà lẹ́tà gbé Ajíṣọpẹ́ wá. Ìlànà ìró ní àfi Ajíṣebútú. Morónfólú pe gbogbo wọn lórí fóònù, títí kan àwọn Ajíṣafẹ́ gidi. Kò sẹ́ni tó gbé Kotobabi rí nínú wọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wọlé.

"Bọ̀dá Arẹwà, ẹ káàbọ̀," ló wí.

Olúwajùwọ́nlọ ni orúkọ ọmọkùnrin náà, kò sì tó Morónfólú lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ. Orúkọ mìíràn ló máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi ju ṣíbí sílẹ̀, tó sáré lọ sí yàrá Ìyá Mutala.

"Mama, ta ló sọ ọ́ ní Ajíṣafẹ́?"

"Èmi náà kọ́? Bó bá ti jí, dígí ló ń wá. Ṣé kí n wá máa pe ọmọ ọkọ mi lórúkọ ni? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ paa!"

"Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ńkọ́?"

Ìyá wo àwòrán ọkọ rẹ̀ lára ògiri. "Ẹnu mi ò pè é rí."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo wọn ti kú tán."

Morónfólú fẹ́ sọ pé kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí Olúwajùwọ́nlọ tó jókòó sílé òun, tí òun náà kì í pè lórúkọ. Ìyá rọra kúrò lórí àga. Orúnkún tó ń dùn ún yẹn náà ló fi kúnlẹ̀ níwájú àwòrán.

"Bàbá Mutala, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ rán mi níṣẹ́." Ó wá sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Sàláwù."

Ìlànà ìró ló gbẹ̀yẹ lọ́jọ́ yẹn. Sallahu ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èyí tó ń ka lẹ́tà ti tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbọ́ ìró, tó jẹ́ S àti L nìkan ló gbọ́, fà á jáde, òun àti gbogbo Súlè ìlú. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló gbé Kotobabi rí. Ìnìṣà ló wà, iṣẹ́ télọ̀ ló sì ń ṣe. Kí ni ọmọ tó fẹ́ràn dígí ì bá tún ṣe?

Morónfólú tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sí ìyá létí.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀?" ni àgbà ọkùnrin kan béèrè.

Ìyá ti pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Kò pè é lẹ́ẹ̀kejì.

"Ajíṣafẹ́," ló wí.

"Ìyàwó," ni ohùn náà wí, "kẹ́ńkè mi dà?"