Bọ́tìnnì Èjìká

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, bí fọ́tò tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé bá wà nílé yín, má jẹ́ kí ọmọ tó ń ya àwòrán rí i. Èmi jẹ́ kó rí i.

Aránṣọ ni mí. Ilé àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin là ń pè ní Olójú-kan, torí ojú kan ló ń dì lẹ́yìn kámẹ́rà láti àárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòroó ṣàlàyé. Yóò wá fọ́tò àtijọ́, yóò wọ irú aṣọ òkú inú rẹ̀, yóò dúró bí òkú náà ti dúró, yóò sì ya ara rẹ̀. Ó ní òun ń wá irú ẹni tí òun jẹ́, àti àwọn tó ti ibòmíràn wá, tí èdè wọn sọnù sáàárín wa. Mo ní ẹni tó bá ń wá ara rẹ̀, kó lọ wo dígí. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó wá rí fọ́tò bàbá mi. Bàbá jókòó, ọwọ́ obìnrin kan wà léjìká wọn. Ọwọ́ nìkan.

Èmi ni mo gé ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìyàwó tí bàbá fẹ́ láti ìlú tí a kò gbọ́ èdè wọn ni obìnrin náà. Ó bí àbúrò mi, wọ́n sì lé e lọ kí ọmọ náà tó rìn. Ìyá mi pọn ọmọ, wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́: “Gé e. Láti òní lọ, ọmọ ìyá kan ni yín.” Mo gbé èyí tí mo gé fún wọn. Mo rò pé wọ́n sun ún ni.

Àbúrò mi kò gbọ́. Bó bá gbọ́, ọmọ bàbá lásán la dà. Ta ni mo tún ní?

Olójú-kan ní kí n rán aṣọ tí òun yóò fi dúró lẹ́yìn àga. Ó ní kí n rán èyí tó bá wù mí, ta ló mọ ohun tí ẹni tí wọ́n gé wọ̀. N kò ro nǹkan kan, mo kàn ń rán. Ìgbà tí mo gbé e kọ́ ni mo tó rí ohun tí mo rán. Ọrùn gíga, bọ́tìnnì mẹ́rin lórí èjìká òsì. Kò sẹ́ni tó ń rán an báyẹn lọ́dọ̀ wa. Àwọn èèyàn obìnrin yẹn ni. Ohun tí ẹnu mi pa mọ́, ọwọ́ mi ti rò ó.

Kí n tó tú u, ọmọ ti wọ̀ ọ́.

“Màmá, ta ló sọ fún yín pé èjìká ni bọ́tìnnì wà?”

Mo ní ojú mi ni kò ríran mọ́. Ó ní ojú tí kò ríran ló ṣe ihò mẹ́rin gún régé báyìí? Mo ṣì ń wá irọ́ mìíràn nígbà tí àbúrò mi wọlé. Òun ni yóò jókòó sípò bàbá wa nínú fọ́tò tuntun náà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó ku ẹyọ kan. Márùn-ún ló wà nínú ìyókù fọ́tò tí mo bá nísàlẹ̀ àpótí ìyá wa, lọ́sẹ̀ tí a sin wọ́n.”

Ìyá wa, ó wí. Ọdún mọ́kànlá rèé tí a sin wọ́n, kò sì sí àárọ̀ kan tí kò pè mí ní ọmọ ìyá òun.

Ọmọ rẹ̀ ń bi í: èwo ni, ta ni, níbo ló wà? Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà lé èjìká ara rẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà.

“Ọmọ ìyá mi, ẹ bá wa fi ẹyọ kan tó kù sí i.”

Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo la ẹnu láti bi í léèrè. Ó mi orí.

“Ó tó. N ò sọ mọ́.”