Aṣọ Òfì Màmá Àgbà Lára Ògiri

Bísí, gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. O mọ̀ pé èmi àti màmá mi ń jà lórí ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó mi: iná mèremère ni mo fẹ́, aṣọ òfì àtijọ́ tí ìyá wọn fi ṣe ìyàwó ni wọ́n fẹ́ kọ́ sára ògiri.

Lójú àlá, màmá àgbà tó ti di olóògbé wọ gbọ̀ngàn náà, wọ́n ń kọ́ aṣọ náà fúnra wọn.

Mo ní, "Màmá àgbà, ó ti gbó jù."

Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Bí gbọ̀ngàn ṣe di pálọ̀ wọn nìyẹn, tí iná mi ń gba inú aṣọ náà tàn, tó pọ́n bí epo tuntun.

N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ tayọ̀tayọ̀ ni mo jí. Mo pe màmá mi pé kí wọ́n mú aṣọ náà wá.

Wọ́n ní, "Mo ti sá a sóòrùn láti àná."